Ọgbà Ilé Lókè Ọya: Ìbéèrè Tó Ń Wá Léraléra àti Ìdáhùn Wọn

Ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn ará wa tó ń gbé Kubwa, Lugbe, Gwarinpa, Karu, Suleja, Kàdúná àti Kánò máa ń béèrè jù nípa ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó takókó ló kẹ́yìn.

Oṣù wo ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan l'Ábújá?

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà ni pé òjò ilé la fi ń ka òjò ìhín. Ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, òjò pín sí méjì: òjò àkọ́rọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀dá díẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, kí àròkúrò tó dé. Ti Àbújá kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò kan ṣoṣo ni. Ó máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ló máa ń rọ̀ jù, tí oṣù kẹwàá bá fi máa tán, ó ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá dúró de ìparí oṣù kẹjọ kó tó gbin àgbàdo, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe l'Ọ́yọ̀ọ́, ìgbà tí àgbàdo bá ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ ni òjò yóò fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, láti oṣù karùn-ún sí ìkeje ni kí ẹ gbin igi eléso, òdòdó, ilá, ewédú àti àgbàdo. Ẹ má ṣe sáré tẹ̀lé òjò àkọ́kọ́. Òjò tó rọ̀ ní oṣù kẹta lè má padà wá títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀. Bó bá tutù dé ìdí ìka, tó sì tún tutù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ lè gbìn.

Ní Kánò, Katsina àti Ṣókótó, òjò kì í sábà fìdí múlẹ̀ kó tó di oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án ló sì ń lọ. Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí ojú òkun. Òtútù ibẹ̀ ló jẹ́ kí kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti ọ̀dùnkún òyìnbó máa ṣe dáadáa lọ́hùn-ún ju ibikíbi lọ. NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹ máa fetí sí i.

Kí ni ẹni tí kò gbin nǹkan rí lè fi bẹ̀rẹ̀?

Tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ewúro. Mo fara mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ju ohunkóhun tí wọ́n lè tà fún yín nínú ike òdòdó lọ.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kó má bàa dì sójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ ti lè máa tu èyí tó fún jọ jẹ, kí èyí tó kù lè ráyè. Gbúre kò tilẹ̀ nílò irúgbìn: ẹ ra ìdì kan lọ́jà, ẹ já ewé rẹ̀ sọ́bẹ̀, kí ẹ ri igi rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tútù. Ewúro náà, igi rẹ̀ la ń gbìn. Ẹ gé èyí tó ti gbó díẹ̀, tó gùn tó ìbú ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ rí i pé apá tó wà nísàlẹ̀ lára igi ló wọlẹ̀. Bó bá ti mú gbòǹgbò, ó lè la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá pẹ̀lú omi díẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ mìíràn kò lè ṣe.

Sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá wa, ilé àyágbé sì ni. Ṣé mo ṣì lè ní ọgbà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ẹ gé sí méjì, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti sán létí, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ẹ lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé orí òkúta méjì kí omi lè rí ibi jáde. Ilẹ̀ dáadáa ìlọ́po méjì, ajílẹ̀ tó ti jẹrà ìlọ́po kan, yanrìn odò ìlọ́po kan. Ata, ìgbá tàbí tòmátò ẹyọ kan ló yẹ kí ó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20. Tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀fínrín lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ike dúdú máa ń gbóná púpọ̀ ní oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Àbújá bá wà lójú ọ̀run gangan, gbòǹgbò yóò sì máa sè nínú rẹ̀. Ẹ fi àpò funfun wé e, tàbí kí ẹ tò wọ́n síbi tí ògiri yóò ti máa ṣíji bò wọ́n lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Bó bá jẹ́ orí dẹ́kì ni ẹ fẹ́ kó wọn sí, ẹ kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀, torí omi tó bá ń jò sí yàrá ìsàlẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀.

Ilẹ̀ wa pupa, ó le koránkorán, omi kì í wọ inú rẹ̀. Kí ni ṣíṣe?

Yangí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Àbújá. Ní àwọn ẹ̀sítéètì tuntun, ó tún burú sí i, torí àwọn kọ́lékọ́lé ti kó yangí láti ibòmíràn wá dí àgbàlá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì da sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá síbẹ̀ wà lábẹ́, tàbí kí ó ti lọ pátápátá.

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ da omi kún un lálẹ́. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe gbin nǹkan sísàlẹ̀. Ẹ to búlọ́ọ̀kù yí ibì kan po, kí ẹ kó ilẹ̀ ọlọ́ràá àti ajílẹ̀ sínú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ní gíga. Bí omi bá lọ, ẹ ṣa àfọ́kù inú ilẹ̀ náà kúrò, ẹ ro ó jinlẹ̀, ẹ po ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ tó sì ti jẹrà mọ́ ọn. Lọ́dọọdún ni ẹ óò máa ṣe é. Ẹ má ṣe rò pé yanrìn nìkan ni yóò tú amọ̀ ká; amọ̀ àti yanrìn lásán tún máa ń dì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan sì wà tó máa ń dùn mí. Ní gbogbo àárọ̀ oṣù kejìlá, ẹ ó rí èéfín káàkiri: wọ́n gbá ewé máńgòrò jọ, wọ́n sì dáná sun ún. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń sun yẹn. Ẹ kó ewé náà sí igun ọgbà, ẹ máa da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi díẹ̀ lé e, ẹ máa yí i po lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí òjò tó tún dé, yóò ti di ilẹ̀ dúdú.

Ìgbẹ́ adìẹ, ìgbẹ́ màlúù tàbí fẹ́tílásà: èwo ló dára jù?

Ìgbẹ́ adìẹ lágbára jù nínú àwọn méjì àkọ́kọ́, ìdí nìyí tó fi ń jó irúgbìn bó bá jẹ́ tútù. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó fún oṣù méjì ó kéré tán, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Ìgbẹ́ màlúù rọra ń ṣiṣẹ́, ó sì ń tú ilẹ̀ líle ká dáadáa. Kò wọ́n níbí, torí àwọn Fúlàní darandaran wà nítòsí. Bí ẹ bá ní kí wọ́n bá yín wá kashin shanu àpò kan, wọn yóò mọ ohun tí ẹ ń wí. Kìkì pé irúgbìn koríko máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ bí kò bá jẹrà tán.

Ní ti fẹ́tílásà, NPK 15-15-15 ló wọ́pọ̀. Ṣíbí ìmutíì kan péré tó fún igi ata tàbí tòmátò kan, ẹ wọ́n ọn yí i ká, ẹ má jẹ́ kó kan igi, kí ẹ sì bomi rin ín lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní ajílẹ̀ tó jẹrà, ẹ̀fọ́ ilé kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n máa bomi rin wọ́n, pàápàá nígbà ọyẹ́?

Ẹ má ka iye ìgbà, ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí òkè ilẹ̀ bá gbẹ tó oríkèé ìka kan, omi ti tó dà. Nígbà ọyẹ́, èyí máa ń túmọ̀ sí ojoojúmọ́ fún ẹ̀fọ́, nígbà míì àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún ohun tó wà nínú ike. Igi eléso tó ti lé lọ́dún kan lè gbà á lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kí omi náà pọ̀ kó lè wọlẹ̀ dáadáa. Omi díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ tó kàn ń tu òkè ilẹ̀ lára máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò wá sókè, oòrùn yóò sì sun ún níbẹ̀.

Kí oòrùn tó là tàbí lẹ́yìn tó bá ti wọ̀ ni kí ẹ da omi. Ohun tó sì ń dín iṣẹ́ kù jù ni koríko gbígbẹ: ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí irúgbìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ yí igi rẹ̀ ká. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa ní oṣù kejì, nígbà tí kànga bá ti gbẹ, yóò mọ iye owó tí koríko yìí ń dá padà sápò òun.

Omi ìfọṣọ àti omi ìfọbọ́ ńkọ́?

Omi tí ẹ fi ṣan aṣọ kẹ́yìn, tí ọṣẹ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ lè dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, òdòdó tàbí igi eléso. Ẹ má dà á sára ẹ̀fọ́ tí ẹ ń já jẹ. Èyí tó bá ní bleach tàbí oògùn ìfọlé nínú, gọ́tà ni kí ẹ dà á sí.

Mo gbin ewédú, kò hù. Ṣé ayédèrú irúgbìn ni wọ́n tà fún mi ni?

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ dì í sínú aṣọ tín-ín-rín, ẹ rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ ka ẹní dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ tì í bọ omi tútù. Ẹ sá a lábẹ́ òjìji kí omi ara rẹ̀ fà, kí ẹ wá fọ́n ọn. Bí ilẹ̀ bá tutù, láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò ti máa yọ. Ti ilá yàtọ̀: omi lásán ni ẹ óò rẹ ẹ́ sí di ọjọ́ kejì.

Ṣé ugu máa ń ṣe dáadáa l'Ábújá?

Ó ń ṣe dáadáa nígbà òjò. Nígbà ọyẹ́, àfi kí omi má wọ́n yín, kí ó sì ní òjìji díẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ: ẹ má ṣe sá a sóòrùn fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ti tú sínú abọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ra odindi èso, ẹ là á fúnra yín, ẹ fọ irúgbìn rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì lábẹ́ òjìji, ẹ gbìn ín.

Ewé àwọn ará ìhín wo ló yẹ ká gbìn?

Zogale, tí òyìnbó ń pè ní moringa, ló ṣíwájú. Igi rẹ̀ tó gùn tó mítà kan, tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, lẹ ó rì mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ máa gé orí rẹ̀ kó má ga ju ibi tí ọwọ́ yín lè tó lọ, ewé rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i. Àwọn Hausa máa ń bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kúlíkúlí, ata àti àlùbọ́sà pò ó. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ nìkan kọ́ ni ewé jẹ́.

Yakuwa náà wà, iṣápá la mọ̀ ọ́n sí nílé. Èyí tó pupa ni wọ́n fi ń ṣe zobo. Ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú ni iṣápá máa ń tanná, nítorí náà bí ẹ bá gbìn ín ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, yóò ti ga dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá gbìn ín ní oṣù kẹsàn-án yóò rí i tó tanná, ṣùgbọ́n kúkúrú ni yóò jẹ́, kò sì ní so tó nǹkan.

Òdòdó wo ni ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa?

Bougainvillea kò bẹ̀rù oòrùn. Bí ó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, omi púpọ̀ gan-an ni kì í jẹ́ kó tanná. Frangipani náà bẹ́ẹ̀, ó lè wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ dànù lóṣù kejìlá kó sì tún rúwé lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe gé e dànù pé ó ti kú. Adenium, tí àwọn olódòdó ń pè ní desert rose, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni. Omi tó dúró sí i nídìí ló ń pa á. Masquerade tó ń ga gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dára fún ilé tí àyè rẹ̀ kò fẹ̀. Pẹ̀rẹ́gún náà ń ṣe dáadáa bí ẹ bá gbìn ín síbi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní máa nà án tààrà.

Ní ti koríko kápẹ́ẹ̀tì, èrò mi ni pé kí ẹ gbin díẹ̀ níwájú ilé bí ó bá wù yín, kí ẹ fi ìyókù gbin ohun jíjẹ. Láàárín oṣù kọkànlá sí ìkẹta, omi tí kápẹ́ẹ̀tì àgbàlá kan ń mu tó bọ́ bẹ́ẹ̀dì ata, tòmátò àti ẹ̀fọ́ pọ̀.

Òdòdó tí mo gbé sínú pálọ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀. Kí ló fà á?

Omi àpọ̀jù ló sábà máa ń jẹ́, ewé rẹ̀ yóò pọ́n, ìdí rẹ̀ yóò sì rà. Bí ó bá jẹ́ etí ewé ló ń gbẹ, ọyẹ́ tàbí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni. Eruku ọyẹ́ tún máa ń bo ewé kó má lè rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ojá kòríkò (snake plant) lè fara da ẹni tí kì í rántí bomi rin nǹkan. Ẹ da omi inú àwo ìdí ike nù ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí.

Ṣé òótọ́ ni pé òdòdó ló ń fa ejò wọlé?

Eku, ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá ni ejò ń wá, ibi tó ṣókùnkùn tó sì díjú ló sì ń sá pamọ́ sí. Ilé tó wà nítòsí àpáta tàbí pápá, irú èyí tó pọ̀ l'Ábújá, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ òdòdó kúrò kí ẹ lè máa rí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ẹ má to búlọ́ọ̀kù àti pákó jọ sẹ́yìnkùlé, ẹ dí ihò ògiri, kí ẹ sì wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nínú koríko. Wọ́n máa ń sọ pé koríko tíì tàbí ááyù máa ń lé ejò. Ẹ má gbára lé e. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ewé wo ni kò yẹ kó wà níbi tí ọmọdé wà?

Dieffenbachia, òdòdó ewé títóbi alámì funfun tó wà ní ọ̀pọ̀ pálọ̀: bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹnu àti ahọ́n rẹ̀ yóò wú. Oleander burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewé, igi àti òdòdó rẹ̀ ni májèlé tó ń ba ọkàn jà. Èso lápálápá máa ń dùn lẹ́nu ọmọdé, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń kẹ́yìn rẹ̀. Bí lápálápá bá jẹ́ ọgbà yíká ilé yín, ẹ máa ká èso rẹ̀ kó tó gbó.

Igi eléso mélòó ni pulọ́ọ̀tì kan lè gbà?

Ó kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Máńgòrò ń fẹ́ mítà 8 sí 10 sí igi mìíràn, ọsàn ń fẹ́ bíi mítà 5 tàbí 6, ìbẹ́pẹ ń fẹ́ mítà 2 ààbọ̀ sí 3. Ní pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tí ilé ti wà lórí rẹ̀, máńgòrò kan, ọsàn wẹ́wẹ́ kan àti ìbẹ́pẹ méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Ẹ ra máńgòrò tí àwọn olùtà ń pè ní grafted. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló fi ń so, kì í sì í ga bíi ti kóró. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó: ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ yóò hàn. Bí igi rẹ̀ bá gún régé láìní ojú kankan, kóró lásán ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ẹ jẹ́ kí máńgòrò jìnnà sí ògiri ilé, ọgbà àti sókáwéè. Dóńgóyárò, mẹ́lánà àti Ficus, ẹ má gbìn wọ́n sínú pulọ́ọ̀tì rárá. Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, ló ti ń gbádùn ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ti í lọ́pá kí ìjì àkọ́rọ̀ tó dé, torí ìjì yẹn ló ń dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti so.

Ṣé mo lè gbin nǹkan síta ògiri, lẹ́bàá títì?

Ilẹ̀ ìjọba ni. Wọ́n lè wá gé e nígbàkígbà láti ri páìpù omi tàbí wáyà. Ẹ má gbin igi ńlá síbẹ̀, ẹ má sì gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tó dọ̀tí.

Ìbẹ́pẹ mi ń tanná, ṣùgbọ́n kì í so. Wọ́n ní kí n kan ìṣó mọ́ ọn.

Ẹ fi ìṣó sílẹ̀. Ẹ lọ wo òdòdó rẹ̀. Bí òdòdó náà bá kéré, tó pọ̀, tó sì ń fì dìrọ̀ lórí ọ̀pá tín-ín-rín gígùn tó jìnnà sí ara igi, akọ ni. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, tó tóbi, tó lẹ̀ mọ́ ara igi, tí ìdí rẹ̀ yọ róbótó, abo ni. Irú kẹta ní akọ àti abo nínú òdòdó kan náà, ìdí rẹ̀ ṣe tín-ín-rín, èso rẹ̀ sì máa ń gùn.

Ìṣó kò lè sọ akọ di abo. Ohun tó dára ni kí ẹ gbin mẹ́ta sí ojú ihò kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín, òdòdó yóò fi ara rẹ̀ hàn, kí ẹ wá fi èyí tó dára jù sílẹ̀. Ẹ má gé gbogbo akọ ládùúgbò tán o, torí abo ń fẹ́ àtíkè inú òdòdó akọ kó tó lè so dáadáa. Ọ̀kan péré tó fún bíi mẹ́wàá.

A máa ń lọ sílé lóṣù kejìlá. Báwo ni ọgbà kò ṣe ní kú?

Ìgbà tí ọyẹ́ le jù gan-an lẹ ń lọ yẹn. Ẹ kó gbogbo ike jọ sábẹ́ òjìji, kí wọ́n fara ti ara wọn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ bomi rin ilẹ̀ títí yóò fi mu àmuyó, ẹ fi koríko bò ó. Fún igi kéékèèké, ẹ lu ihò tíńtín kan sí ìdérí ike omi lítà kan ààbọ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ nítòsí gbòǹgbò, ẹ gé ìdí rẹ̀ kí ẹ lè rọ omi sí i. Èyí lè gbà yín fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá máa pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ san owó fún máígádì tàbí aládùúgbò, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ojú rí bí ẹ ṣe ń dà á kí ẹ tó lọ.

Kòkòrò ń jẹ ẹ̀fọ́ mi. Oògùn wo ni kí n fín sí i?

Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn ewé wò láàárọ̀. Bí kòkòrò bá kéré níye, ọwọ́ ni ẹ fi ṣà á. Bó bá jẹ́ àwọn tíńtìnnì tó dì mọ́ ọ̀mùnú ewé, omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ tó láti lé wọn.

Dóńgóyárò kún ìhín. Ẹ kó èso rẹ̀ tó já sílẹ̀, ẹ bó o, ẹ sá a lábẹ́ òjìji. Gíráàmù 50 inú kóró rẹ̀ tí ẹ gún, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà kan di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ewé korò lẹ́nu wọn, kì í sì í jẹ́ kí àwọn kéékèèké dàgbà.

Dichlorvos, èyí tí àwọn èèyàn fi ń pa aáyán àti ẹ̀fọn, ẹ má fín in sí ẹ̀fọ́ láé. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì nítorí ewu rẹ̀. Paraquat, oògùn tí wọ́n ń fi pa koríko, náà ti di èèwọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń tà á fún yín, ẹ má gbà á, ọ̀mu díẹ̀ ló ń pa èèyàn, kò sì ní ẹ̀rọ̀.

Tòmátò mi ga, ó ń tanná, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ ń já.

Ooru ni. Bí ọ̀sán bá gbóná ju 35°C lọ, tí òru náà kò sì tutù, òdòdó tòmátò kò ní dúró. Ẹni tó kó tòmátò jáde ní oṣù kìíní yóò bá ooru oṣù kẹta pàdé. Ẹni tó sì gbìn ín nígbà òjò yóò máa bá ewé jíjẹrà jà.

Ẹ wo bí àwọn àgbẹ̀ Kánò ṣe ń ṣe é ní Kadawa: ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú omi odò tí wọ́n fà, ni wọ́n fi ń gbin tòmátò, nígbà tí òru bá tutù. Nílé, ẹ ṣe nọ́sìrì ní oṣù kẹsàn-án, ẹ ṣí i sí bẹ́ẹ̀dì ní oṣù kẹwàá, kí ó lè so nínú ọyẹ́. Ẹ máa gbọn ọ̀pá rẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárọ̀ nígbà tó bá ń tanná, kí àtíkè rẹ̀ lè bọ́ sójú ibi tó yẹ. Bí ewé rẹ̀ bá dú, tó tutù yọ̀yọ̀, tí kò sì tanná rárá, ìgbẹ́ adìẹ tàbí yúríà ti pọ̀ jù.

Ewé tòmátò mi ń ní ojú funfun ràkọ̀ràkọ̀, èso rẹ̀ sì ní ihò kékeré.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Tuta absoluta, àfòpiná kékeré kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà tàn wá. Òun ni wọ́n sọ ní Ebola tòmátò ní ọdún 2016, nígbà tó ba oko jẹ́ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí tòmátò. Ìdin rẹ̀ ń gbé inú ewé, láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn tí ẹ fín sórí ewé fi ń ṣòro láti kàn án.

Ẹ já gbogbo ewé tó ní ojú náà, ẹ di í sínú ọ̀rá dúdú, ẹ sá a sóòrùn kí ohun tó wà nínú rẹ̀ kú. Ẹ má fi èso tó já sílẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fín omi dóńgóyárò láti ìgbà tí ewé bá ṣì kéré, ẹ má ṣe dúró kó di ràkọ̀ràkọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kékeré ṣeé fi nẹ́ẹ̀tì ojú wẹ́wẹ́ bò. Ẹ̀yìn tòmátò, ẹ gbin ẹ̀fọ́ tàbí àlùbọ́sà síbẹ̀.

Tòmátò mi rọ lọ́jọ́ kan péré, ewé rẹ̀ kò pọ́n, omi sì wà nídìí rẹ̀. Kí ló pa á?

Ẹ fà á tu. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ní kókó wúlukúwuluku káàkiri, aràn ilẹ̀ tíńtín ló wọ inú rẹ̀. Bí ikán bá ti jẹ ìdí rẹ̀, ẹ ó rí ihò àti erùpẹ̀ nínú igi.

Bí gbòǹgbò bá mọ́, ẹ gé ìdí igi náà ní nǹkan bí ìka méjì sókè ilẹ̀, ẹ bu omi tó mọ́ sínú ife gíláàsì, ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé kan omi náà, kó dúró láìmì. Ẹ máa wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí okùn funfun tín-ín-rín kan, tó rí bí omi ògì, bá ń ṣàn wálẹ̀ láti ojú ọgbẹ́ náà, kòkòrò àìfojúrí ló dí ọ̀nà omi nínú igi. Kò sí oògùn rẹ̀. Bí kò bá sí okùn funfun, tí inú igi sì dúdú tàbí ràkọ̀ràkọ̀, olú ilẹ̀ ló ṣe é.

Nínú méjèèjì, ẹ tu igi tó rọ àti èyí tó fara kàn án, ẹ sun ún, ẹ má sọ ọ́ sórí ààtàn tí ẹ ti ń ṣe ajílẹ̀. Ẹ fọ ọkọ́ àti bàtà yín kí ẹ tó wọ bẹ́ẹ̀dì mìíràn. Ata, ìgbá, tàtàṣé àti ọ̀dùnkún òyìnbó jẹ́ ẹbí tòmátò, àrùn kan náà ló ń pa wọ́n, nítorí náà ẹ má gbin ọ̀kankan nínú wọn síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Àgbàdo tàbí àlùbọ́sà ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Bí tòmátò bá ṣì wù yín jẹ, ẹ gbìn ín sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ẹ kó wá láti ibòmíràn.